Iṣẹ́ Tí Bàbá Télọ̀ Kò Jẹ́

Kẹ̀kẹ̀kẹ̀-kẹ̀kẹ̀kẹ̀-kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Bí masínì ẹlẹ́sẹ̀ ìyàwó Bàbá Télọ̀ ṣe máa ń dún nìyẹn ní ọdún mọ́kàndínlógójì sẹ́yìn, nínú yàrá iwájú tí àwọn méjèèjì fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Masínì ti Bàbá Télọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń dún bí ẹni tó ń jiyàn: á sáré, á dúró, á tún sáré. Ti ìyàwó kì í sáré, kì í sì í dúró. Ẹni tó bá ń bọ̀ lójú ọ̀nà, tí kò tíì rí ṣọ́ọ̀bù rárá, á ti mọ èyí tí í ṣe ọ̀gá nínú méjèèjì. Àwọn oníbàárà kò sì fi bò. Wọ́n á wọlé, wọ́n á kí ọkọ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n á rọra gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ gbé aṣọ wọn lé tábìlì ìyàwó. Ojú-Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe ìyàwó, nítorí pé kò sí ìlà tó fẹ́ wọ́ tí ojú rẹ̀ kì í ti rí kó tó wọ́.

Ọjọ́ kan ni ìró yẹn dákẹ́, kò sì dún mọ́ láti ọjọ́ náà. Nínú gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ rí, Bàbá Télọ̀ nìkan ló mọ̀ pé kò yẹ kó dákẹ́.

Ó ti di ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin báyìí, ó sì ti pé ọdún méjìlélógún tó ti wà nílẹ̀ òkèèrè. Iléeṣẹ́ tó ń rán aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì ló gbé e débẹ̀. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ra masínì oníná kékeré kan, ó gbé e síwájú fèrèsé yàrá rẹ̀, ó ń bá àwọn aládùúgbò gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò, ó ń pààrọ̀ síìpù. Ìyàwó rẹ̀ kò bá a lọ. Ó ní òun ò lè fi ilé sílẹ̀ fún aláǹgbá. Ọjọ́ Sọ́ńdè-Sọ́ńdè ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, lọ́sàn-án, nígbà tí ìyàwó bá jí lójú oorun.

Ọjọ́ Mọ́ńdè kan ni ọmọbìnrin wọn, ọ̀kan ṣoṣo tí wọ́n bí, pè é láìrò tẹ́lẹ̀.

"Bàbá mi, ṣé ọwọ́ yín dilẹ̀?"

"Ọwọ́ tó gba síìpù obìnrin dání ò lè dilẹ̀, ṣùgbọ́n máa wí. Kí ló dé tí ohùn rẹ rí báyẹn?"

Ọmọ náà ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi tí òun ti lọ ṣe sìkáànù dé ni. Oyún àkọ́kọ́ nìyí, ọdún kẹfà ìgbéyàwó rẹ̀. Obìnrin tó ń wo ẹ̀rọ náà fi nǹkan tútù sí i níkùn, ó wò ó, ó wò ó. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní bí wọ́n bá fi ọjọ́ tí ọmọ náà kà ṣe é, oyún ti tó ọ̀sẹ̀ méje àti ọjọ́ méjì. Ẹ̀rọ ní kò tíì pé mẹ́fà. Ọlẹ̀ náà wà níbẹ̀, wọ́n rí i. Wọ́n wọ̀n ọ́n láti orí dé ìdí. Àmọ́ wọn ò tíì rí i kí ọkàn rẹ̀ máa lù. Wọn ò sọ pé ó dáa, wọn ò sọ pé ó bàjẹ́. Wọ́n ní kó padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá.

"Ẹ̀yin lẹ mọ ìwọ̀n jù nínú ilé wa," ni ọmọ náà wí. "Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé yìí: mìlímítà mẹ́ta. Báwo ló ṣe tó?"

Bàbá Télọ̀ fa téèpù ọrùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó ka ìlà wẹ́wẹ́ mẹ́ta, ó fi èékánná rẹ̀ sí i. Kò ju orí ìṣáná lọ. Ẹnu rẹ̀ sì ṣíwájú rẹ̀ bọ́ sọ́nà.

"Ó kéré," ló wí. "Aṣọ tó bá ti kúrú níbi gígé, ọmọ mi, kò sóhun tí aránṣọ lè ṣe sí i mọ́."

Ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ fún oníbàárà láti àádọ́ta ọdún nìyẹn. Ó ti mọ́ ọn lẹ́nu bí òwú ṣe mọ́ abẹ́rẹ́. Kò tilẹ̀ gbọ́ ọ nígbà tó ń sọ ọ́. Ó gbọ́ ohun tó tẹ̀lé e.

"Ẹ ṣé, sà," ni ọmọ náà wí.

Kò pè é ní sà rí láti ìgbà tó ti jáde iléèwé. Bàbá Télọ̀ mú fóònù dání títí iná ojú rẹ̀ fi kú.

Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Sọ́ńdè, ìyá ọmọ ti kó ẹrù dé ilé ọmọ. Ọkọ ọmọ náà ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sọ́nà jíjìn, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì kó tó padà. Ìyá ló gbé fóònù.

"Mo ti gba garawa lọ́wọ́ rẹ̀," ni ìyàwó wí, kó tilẹ̀ tó kí i. "Mo gba ìgbálẹ̀. Mo ní kó má gun àtẹ̀gùn. Ṣé ẹ mọ ohun tó ṣe ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọjọ́ sìkáànù? Ó gbé àpótí ìwé. Níbi iṣẹ́ wọn ní ilé ìkàwé. Odidi àpótí."

Ohùn ọmọ ta látẹ̀yìn. "Màámi, mo fẹ́ lọ tọ̀. Àbí ìyẹn náà wúwo?"

"Rọra dìde. Má fò dìde." Ìyàwó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n kì í sùn. Àpótí yẹn ló ń rò. Ó ń bi mí bóyá òun ló fọwọ́ ara òun ṣe é. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mi ò fẹ́ kí ohun tí ẹsẹ̀ mi ṣe fún mi jẹ́ ohun tí ọwọ́ tirẹ̀ máa ṣe fún un."

Ọdún mọ́kàndínlógójì, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí obìnrin yẹn máa fẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ẹsẹ̀ náà.

"Ó dáa," ni Bàbá Télọ̀ wí. "Ẹ máa tọ́jú ara yín." Ó sì gbé fóònù kalẹ̀.

Ní ọjọ́ Túsìdeè, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé nísàlẹ̀ ilé, gòkè wá gba kóòtù rẹ̀.

"Bàbá Télọ̀, ṣé síìpù mi ti gbádùn?"

"Ó ti ń jẹun."

"Ẹ̀yin wá ńkọ́? Ojú yín dà bí aṣọ tí wọ́n fún tí wọn ò sá."

Kò gbèrò láti sọ fún un, àmọ́ obìnrin náà ti jókòó, ó sì jẹ́ ẹni tó ti bá èèyàn tó ń rọbí sọ̀rọ̀ fún ogójì ọdún. Kì í kánjú, kì í sì í dìde. Ọmọ ti fi àwòrán ìwé náà ránṣẹ́ sórí fóònù. Bàbá Télọ̀ ṣí i fún un. Agbẹ̀bí fi gíláàsì sójú, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ọjọ́ wo ni ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kà?"

"Láti ìgbà tó... láti ìgbà tó rí ti oṣù gbẹ̀yìn."

"Ṣé ó máa ń rí i déédéé, lọ́jọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n-méjìdínlọ́gbọ̀n?"

"Èmi bàbá rẹ̀. Ibo ni mo ti fẹ́ mọ̀yẹn?"

"Ẹ ò mọ̀. Èmi náà ò mọ̀. Kàlẹ́ńdà náà ò mọ̀, ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Ìṣirò yẹn gbà pé ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n ni ti gbogbo obìnrin. Ẹni tí tirẹ̀ bá máa ń tó ogójì ọjọ́, ọlẹ̀ rẹ̀ á pẹ́ kó tó sọ. Ẹ̀ ń ka ọjọ́ tí ọmọ ò tíì sí níbẹ̀ rárá mọ́ ọn lọ́rùn. Nígbà míì, kì í ṣe ọmọ ló kúrú, kàlẹ́ńdà ló gùn."

"Ọkàn tí kò lù wá ńkọ́?"

"Tí wọn ò tíì rí. Ní mìlímítà mẹ́ta, a lè rí i, a lè má rí i. Tó bá tó méje tí a ò sì rí i, ẹ̀rù á bà wá. Nísàlẹ̀ méje, a kì í dájọ́, dídúró là ń dúró. Obìnrin tó wọ̀n ọ́n mọṣẹ́ rẹ̀."

"Ṣé ó máa dáa nìyẹn?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó lè dáa, ó lè má dáa. Ohun tí mo sọ ni pé ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan ò tíì sọ nǹkan kan. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rán aṣọ iléèwé, kí lẹ máa ń ṣe sẹ́sẹ̀ ṣòkòtò ọmọdé?"

"Mo máa ń ṣẹ́ aṣọ sínú, kí wọ́n lè tú u lọ́dún tó ń bọ̀."

"Nítorí kí ni?"

Bàbá Télọ̀ wo téèpù tó wà lọ́rùn ara rẹ̀. "Nítorí pé ó ń dàgbà."

"Ẹ̀hẹ́n. Ìwọ̀n yìí, ní bíi mìlímítà kan lójúmọ́ ló ń dàgbà tó bá ń lọ dáadáa. Ìdí tí wọ́n fi ní kó padà wá nìyẹn. Kí lẹ sọ fún un nígbà tó bi yín?"

Ó sọ ohun tó sọ fún ọmọ, ó sì sọ ti àpótí ìwé tí ọmọ ń rò. Agbẹ̀bí yọ gíláàsì, ó nu ún, ó tún un nù.

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún aboyún."

"Mo sọ ọ́."

"Ẹ pè é lónìí kí ẹ gbé e kúrò lọ́rùn rẹ̀. Kí ẹ sì sọ fún un pé àpótí ìwé kì í mú oyún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wálẹ̀. Ta ló sọ fún un pé ó máa ń rí bẹ́ẹ̀?"

"Ìyá rẹ̀."

"Ta ló sọ fún ìyá rẹ̀?"

Bàbá Télọ̀ yíjú sí fèrèsé. "Kò sẹ́ni tó sọ fún un," ló wí. Òótọ́ ni. Ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ wà.

Ní ọdún mọ́kàndínlógójì sẹ́yìn tí à ń wí yìí, oyún àkọ́kọ́ ìyàwó rẹ̀ ti ń lọ sí oṣù mẹ́ta. Iléèwé ti fẹ́ wọlé, aṣọ ọmọ iléèwé kún orí tábìlì ìyàwó títí dé ilẹ̀. Ọkọ ń sọ fún un pé kó fi masínì sílẹ̀. "Oyún ò fẹ́ kí wọ́n máa mi òun jìgìjìgì," ló ń wí. Bó bá fẹ́ sọ òótọ́, kì í ṣe oyún nìkan ló ń rò. Ó ń wo tábìlì tirẹ̀ tí kò sí ju ẹ̀wù méjì lọ níbẹ̀. Ìyàwó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ jẹ́ n parí ogún tó kù." Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró.

Nígbà tí oyún náà ṣẹ́, Bàbá Télọ̀ dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn, ó bi í pé, "Ṣé mo sọ fún ọ àbí mi ò sọ?" Ìyàwó kọjú sógiri.

Ìgbà tí oorun gbé e lọ ni dókítà pe ọkọ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọkùnrin kúkúrú kan ni, ó fi bírò há etí. Ó ní èyí tó pọ̀ jù nínú oyún tó ń wálẹ̀ kó tó pé oṣù mẹ́ta, láti ọjọ́ tí ọlẹ̀ ti sọ ni kò ti so pọ̀ bó ṣe yẹ. Kì í ṣe iṣẹ́, kì í ṣe ìrìn, kì í ṣe masínì. Ó ní, "Gbogbo òwúrọ̀ yìí ló ń bi mí bóyá ẹsẹ̀ òun ni. Mo sọ fún un, ṣùgbọ́n oògùn oorun wà lójú rẹ̀, kò gbọ́. Bó bá jí, ẹ bá mi sọ fún un dáadáa pé kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀. Kó má lọ máa ru ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀."

"Ó dáa, dókítà," ni Bàbá Télọ̀ wí.

Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a ní ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Wọ́n rán èyí níṣẹ́ ọmọ, kò tilẹ̀ jẹ́ ẹ rárá. Nígbà tó wọlé padà, ìyàwó ti lajú. Ó na ọwọ́ sí i, ó ní, "Ẹ má bínú. Ẹ sọ fún mi, mi ò gbọ́." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ẹ tí obìnrin náà máa sọ pé ọkọ òun ló mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí rẹ̀. Ojú ń tì í títí dòní pé ó dùn létí rẹ̀. Ó ní òun á sọ ọ́ tí wọ́n bá délé.

Wọ́n délé. Ìyàwó fi aṣọ bo masínì rẹ̀. Ọkọ ní kí ẹkún rẹ̀ rọlẹ̀ ná. Ẹkún rọlẹ̀, àwọn oníbàárà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé aṣọ wọn sórí tábìlì kan ṣoṣo tó kù. Lẹ́yìn oṣù kan, kò ṣeé sọ mọ́ láìsọ ìdí tí kò fi sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà ni wọ́n bí ọmọbìnrin wọn, oṣù mẹ́sàn-án gbáko ni ìyá rẹ̀ sì fi dùbúlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ra tẹlifíṣọ̀n, orí masínì yẹn ni wọ́n gbé e kà. Òun ò parọ́, ni Bàbá Télọ̀ máa ń sọ fún ara rẹ̀. Òun ò sọ ọ̀rọ̀ kankan tí kì í ṣe òótọ́. Àmọ́ obìnrin tó mọṣẹ́ jù ú lọ ti fi ọdún mọ́kàndínlógójì wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni tó ń wo ọ̀daràn.

Ó pe ọmọ lọ́jọ́ Túsìdeè náà, bí agbẹ̀bí ṣe ní kó ṣe. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni bàbá rẹ sọ lọ́jọ́sí. Ọmọ kì í ṣe aṣọ. Ó ń dàgbà." Ó ṣàlàyé ti kàlẹ́ńdà, ó ń kólòlò.

Ọmọ rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ogójì ọjọ́ ni tèmi, Bàbá. Mo sọ fún obìnrin tó ṣe sìkáànù yẹn, òun náà ní kí n má káyà sókè. Èmi ló wá ń ro ọ̀rọ̀ yín. Màámi sọ ti masínì fún mi. Wọ́n sunkún. Mi ò rí wọn kí wọ́n sunkún rí. Bàbá, ṣé lóòótọ́ ni pé ẹsẹ̀ wọn ló fà á?"

Ìbéèrè náà wà níwájú rẹ̀ bí ilẹ̀kùn tí wọ́n ṣí sílẹ̀ gbayawu. Kò ju kó sọ pé rárá.

"Ẹnìkan ń kanlẹ̀kùn," ni Bàbá Télọ̀ wí. "Màá pè ọ́ padà."

Kò sẹ́ni tó ń kanlẹ̀kùn. Irọ́ àkọ́kọ́ tó pa lórí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, ó sì mọ̀ bí ó ṣe ń pa á.

Ní Ọjọ́rú, ó jókòó, ó fi ìka kan tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù sí ìyàwó rẹ̀. Ó kọ ọ́ pé àwọn dókítà òde òní ti wádìí rẹ̀, wọ́n ti wá rí i pé iṣẹ́ ṣíṣe kì í ba oyún kékeré jẹ́, ayé àtijọ́ ni ò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kà á. Ó dára. Ọmọ á sùn, ìyá á sinmi, kò sì sẹ́ni tó máa bi òun ní nǹkan kan. Ìka rẹ̀ ti wà lórí ibi tí wọ́n ń tẹ̀ kí ó lọ, nígbà tó fojú inú rí ìyàwó rẹ̀ níbi tó ti ń kà á, tó ń mirí, tó ń sọ fún ọmọ pé, "Ó mà ṣe o. Ká ní wọ́n ti mọ̀ nígbà yẹn." Wọ́n ti mọ̀ nígbà yẹn. Ọkùnrin kan tó fi bírò há etí ti mọ̀, ó sì ti sọ ọ́. Bàbá Télọ̀ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Ní Ọjọ́bọ̀, èrò mìíràn wá bá a, ìyẹn sì fohùn jẹ́jẹ́ wọlé. Ọ̀la ni ọmọ máa padà lọ ṣe sìkáànù. O ò ṣe dúró gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ ná? Bí ọkàn ọmọ bá ń lù, inú gbogbo èèyàn á dùn, ọ̀rọ̀ àpótí á tán, ọ̀rọ̀ masínì náà á bá a tán. Bí kò bá sì lù, ìgbà yẹn lo máa wá sọ ọ́ fún wọn, kí wọ́n fi tu ara wọn nínú. Ọ̀rọ̀ ológbọ́n ni. Bàbá Télọ̀ tẹ́tí sí i dáadáa, ó sì dá ohùn náà mọ̀. Ohùn tó sọ pé tí wọ́n bá délé ni.

Ó pa masínì. Oòrùn ọ̀sán wà lórí tábìlì, lára kóòtù agbẹ̀bí tí obìnrin náà gbàgbé síbẹ̀. Ó fi téèpù ọrùn rẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọ̀rọ̀ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó gbà á ní nǹkan bíi wákàtí kan. Nígbà tó parí, kò tún un kà, nítorí ó mọ̀ pé bí òun bá tún un kà, òun á gé e. Ohun tó fi ránṣẹ́ nìyí:

"Ojú-Abẹ́rẹ́, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ ka èyí, lẹ́yìn náà kí o fún ọmọ wa kà kí ẹ tó jáde lọ́la. Kì í ṣe ẹsẹ̀ rẹ. Dókítà pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ yẹn nígbà tí o sùn, ó ní láti ìbẹ̀rẹ̀ ni oyún náà kò ti so pọ̀ dáadáa, masínì kọ́ ló fà á. Ó ní kí n sọ fún ọ bí o bá jí. O jí, mi ò sọ. Mi ò gbàgbé. O ti ní kí n má bínú, ó dùn mọ́ mi pé mo jàre, mo sì gbé e mì. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn oníbàárà rẹ di tèmi. Ìwọ lo mọ aṣọ rán jù nínú àwa méjèèjì, gbogbo wọn mọ̀, èmi náà mọ̀. Àpótí ìwé kò ṣe ọmọ wa ní nǹkan kan. Ohun yòówù tí wọ́n bá sọ fún un lọ́la, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, bí ẹsẹ̀ rẹ ṣe mọ́. Mi ò ní kí o dárí jì mí. Bí o bá fẹ́ sọ̀rọ̀, mo wà nídìí fóònù. Bí o kò bá fẹ́, tí o bá padà délé, gbé tẹlifíṣọ̀n yẹn kúrò lórí masínì rẹ."